Ta Ló Mọ Tẹ́níìsì Gbá Jù?

Bí ẹ bá fẹ́ bí Merv Tuckett nínú, ẹ má wulẹ̀ bú u. Ẹ kàn sọ létí rẹ̀ pé ẹnìkan wà lónìí tó mọ tẹ́níìsì gbá ju Laver, ògbó agbábọ́ọ̀lù ayé àtijọ́, lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni yóò gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ sílẹ̀, á ká apá ẹ̀wù sókè, á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Laver kó ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ọdún kan. Rákẹ́ẹ̀tì onígi ló fi kó wọn, kì í ṣe rákẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ bí abọ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń mú dání. Ọmọ Queensland níbí ni pẹ̀lú. Gbogbo ìlú Gundaroy ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wọn, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, wọ́n á rántí pé àwọn fi nǹkan sórí iná nílé. Ẹnìkan ṣoṣo ló ṣì ń jókòó dá a lóhùn, Noelene sì lorúkọ rẹ̀.

Opó ni Noelene, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Merv náà ti sin Joyce ìyàwó rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́rú ni àwọn méjèèjì ń wá sí pápá tí wọ́n fi ọ̀gán lílọ̀ tẹ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú. Merv á ti dé ṣáájú, á ti bu omi rin ilẹ̀ kí eruku pupa má bàa bò wọ́n, á sì ti fi òòlù kan ìṣó tó mú ọ̀já ìlà pápá mọ́lẹ̀ padà. Noelene á gbé kéèkì alágbọn wá. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀, wọ́n á sì jiyàn púpọ̀.

"Ìdíje ńlá mẹ́rìnlélógún ni Djokovic òde òní gbà," Noelene á wí. "Orí koríko, orí sìmẹ́ńtì, orí amọ̀, kò síbi tí ò ti gbà á. Orí koríko ni wọ́n ti ń gbá mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láyé Laver rẹ yẹn."

"Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi tìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta nítorí pé ó ń gbowó bọ́ọ̀lù. Ká ní wọ́n jẹ́ kó wọlé ńkọ́?"

"'Ká ní' ò gba ife ẹ̀yẹ rí, Merv."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Merv ò sì mọ̀ pé ohun tó ń gbé òun dìde lórí ibùsùn láràárọ̀ nìyẹn, àfi Ọjọ́rú tí Noelene gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀ tó ní òun ń lọ.

"Ọmọ mi ti tún yàrá kan ṣe fún mi ní Brisbane," ó ní. "Àárọ̀ ọ̀la ni mò ń lọ. Mo ti di ẹrù sínú mọ́tò. Mi ò fẹ́ràn ìdágbére gígùn ni mi ò ṣe tètè wí."

Tíì gba ọ̀nà òdì lọ́fun Merv. Ó wúkọ́ títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé kí obìnrin yìí má lọ, ṣùgbọ́n Merv kọ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ fẹ́ Joyce, ohun tó bi í ni pé ṣé ó lè máa bá òun gbé rákẹ́ẹ̀tì dání. Joyce ló bá a túmọ̀ ìyókù. Lọ́tẹ̀ yìí náà, ó nu ẹnu, ó wo ilẹ̀.

"Wọn ò ní pápá ọ̀gán ní Brisbane," ó ní.

Bev, obìnrin tó ń bá wọn po tíì, tó kéré sí wọn dáadáa, fi ọwọ́ lẹ́rán. "Bọ̀dá Merv, ṣé gbogbo ohun tí ẹ rí sọ náà nìyẹn?"

"Fi í sílẹ̀ jàre," Noelene dáhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú. "Láti ọjọ́ tí mo ti mọ bàbá yìí, kò gbà fún mi rí, ì báà ṣe lórí bóyá òjò ń bọ̀. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé àwọn ti òde òní ló dára jù, màá tú ẹrù mi palẹ̀."

Athol, ọ̀rẹ́ Merv, tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa dá iná sílẹ̀ lọ, ti dìde. "Ó yá, ẹ gbá a nígbà náà. Merv á mú igi, Noelene á mú ti òde òní. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó gémù mẹ́fà ló ni iyàn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á gun orí bẹ́ǹṣì yìí, á gbà níwájú gbogbo wa."

Merv ò dúró gbọ́ tán kó tó sáré lọ síbi búùtù mọ́tò rẹ̀. Ibẹ̀ ni rákẹ́ẹ̀tì onígi rẹ̀ wà, nínú férémù tó fi ń dè é kó má bàa wọ́. Ó tú u, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, inú rẹ̀ sì dùn bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà fún.

Ẹ wá wo bàbá yìí lórí pápá. Orúnkún ń ké, bọ́ọ̀lù ń lọ. Igi yẹn ń dún kọ́, kọ́, bó ṣe ń dún nígbà tí irun Merv ṣì dúdú. Ó gbá bọ́ọ̀lù kékeré tó kàn fò kọjá nẹ́ẹ̀tì tó sì kú síbẹ̀, Noelene sáré títí, kò bá a.

"Laver nìyẹn," Merv wí.

"Oríire nìyẹn," Noelene fèsì.

Merv ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gémù rẹ̀ pé nígbà tó lọ ṣa bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ọgbà. Ibẹ̀ ló ti rí mọ́tò Noelene. Páálí kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé orí gíláàsì, ìrọ̀rí wà lókè. Ìgbà yẹn ni ọpọlọ rẹ̀ tó dé. Bí òun bá borí, kí lòun fẹ́ fi iyàn náà ṣe? Ta ni òun fẹ́ máa sọ ọ́ fún, ṣé Athol?

Kò sì lè mọ̀ọ́mọ̀ gbá a nù. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, Noelene á sì rí i lójú ẹsẹ̀, á bínú. Ó wulẹ̀ ń gbá a lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ Noelene tó gbóná wàyí, tó ń fa bọ́ọ̀lù láti igun dé igun, títí gémù fi di márùn-ún márùn-ún, tí ó wá ku bọ́ọ̀lù kan fún Noelene.

"Ó ti ń rẹ igi yẹn, bàbá," ó pè é láti òdìkejì.

"Kì í rẹ igi. Gbá a wá."

Kò sí rẹfirí ní Gundaroy. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń pè é bóyá ó wọlé tàbí ó jáde, kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà. Merv ò pe irọ́ rí. Ọdún kan wà tó pe bọ́ọ̀lù Joyce síta lọ́jọ́ àṣekágbá, búrẹ́dì gbígbẹ ló sì jẹ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò yí i padà síbẹ̀.

Noelene gbá a, ó gùn. Merv yí padà wò ó. Bọ́ọ̀lù náà bọ́ sẹ́yìn ìlà, ó fi àmì sílẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa, ìka kan gbáko sí ìlà. Athol tó dúró síbẹ̀ rí i. Ajá Athol gan-an rí i.

"Ó wọlé," Merv ní.

Noelene rìn yí nẹ́ẹ̀tì ká, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀.

"Merv, bọ́ọ̀lù yìí jáde. Wo àmì rẹ̀."

Merv fi bàtà nu ilẹ̀. "Àmì wo?"

"Merv."

"Ẹ̀gbẹ́ tèmi ni. Èmi ni mò ń pè é."

Ló bá kọjú sí bẹ́ǹṣì, ó gùn ún, rákẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bev gbé ìkòkò tíì dúró.

"Àwọn ti òde òní," Merv ní. "Àwọn ti òde òní ló." Ó tún dúró. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wo igi ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó tó," Noelene wí. Ó ti dé ìdí bẹ́ǹṣì. "O ti pa irọ́ kan lónìí, má pa ìkejì. Ṣé o rò pé nítorí Djokovic ni mo ṣe ń di ẹrù? Sọ èyí tó jẹ́ òótọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wá jáde, kékeré, bí ohùn ẹlòmíràn.

"Má lọ, Noelene."

"Mi ò gbọ́."

"Mo ní má lọ. Mo fẹ́ràn rẹ. Ó ti pẹ́. Bó o bá lọ, mi ò mọ ohun tí màá máa fi Ọjọ́rú ṣe, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àwọn ọjọ́ yòókù."

Bev ti ń sunkún sínú tíì. Noelene wo bàbá náà lókè níbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, èyí tó dé ojú.

"Sọ̀ kalẹ̀ kó o tó ṣubú," ó ní. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kanlẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó wá fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sínú ọwọ́ kejì. "Wá bá mi kó páálí wọ̀nyẹn padà sílé. Màá pe ọmọ mi lálẹ́."

Wọ́n jọ ń rìn lọ síbi mọ́tò, Merv ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò mọ ohun tí yóò fi ojú rẹ̀ ṣe.

"Bọ́ọ̀lù yẹn jáde," Noelene wí.

"Mo mọ̀," Merv dáhùn. "Laver ì bá gbá a wọlé."