Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yàrá Ẹ̀yìn

Ó ti rẹ nọ́ọ̀sì náà tẹnutẹnu kó tó wọlé. Iṣẹ́ òru ló ṣe bọ̀ láti ọsibítù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nínú bàtà, ojú ń ta á bí ẹni tí wọ́n bu iyanrìn sí lójú. Àmọ́ kò lọ sùn. Páálí tó rà ṣì wà lórí tábìlì ní pálọ̀, ọjọ́ Àìkú sì ni, ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbé bàbá.

Bàbá ọkọ rẹ̀ ni bàbá yìí. Bíríkìlà ni nígbà tí agbára ṣì wà, òun fúnra rẹ̀ ló mọ ilé tí gbogbo wọn ń gbé. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú ló ti wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun máa ń pè é ní ọ̀sán Àìkú kí wọ́n lè rí ojú ara wọn lórí fóònù, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé kì í dé yàrá náà. Nítorí náà, Tíṣà, ọkọ nọ́ọ̀sì, á gbá bàbá mú lábẹ́ apá, nọ́ọ̀sì á gbé ẹsẹ̀, wọ́n á rọra gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí pálọ̀. Bàbá ò sì fúyẹ́. Ní Àìkú tó kọjá, nǹkan kan dún kọ̀ọ́ ní ìbàdí nọ́ọ̀sì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn lọ ra èyí tí wọ́n ń pè ní mẹ́ẹ̀ṣì.

Àwọn àpótí funfun kéékèèké ni, tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ara wọn, bí àwọn tó tò láti ẹ̀bá kànga tí wọ́n ń na garawa omi síra wọn. Ó so ìkíní mọ́ ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, ní pálọ̀. Iná rẹ̀ ṣẹ́jú ṣẹ́jú, ó di búlúù. Ó gbé ìkejì sí òkè, níbi tí Tíṣà ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọléèwé ní ìṣirò. Ìyẹn náà di búlúù. Ẹ̀kẹta ló di wàhálà.

Bó ṣe fi í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá bàbá, iná pupa ló tàn. Ó yọ ọ́, ó tún fi í bọ̀ ọ́. Pupa.

"Kí lò ń wá nílẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó mi?" bàbá bèèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, bàbá. Ògiri yín ò jẹ́ kó wọlé."

Bàbá rẹ́rìn-ín, apá kan ẹnu rẹ̀ nìkan ló gbé. "Ògiri tí mo mọ? Irin ni mo tò sínú ẹ̀. Ìjì tó ṣí òrùlé gbogbo àdúgbò ò lè mì ín. Ṣé afẹ́fẹ́ tí ẹ rà nínú páálí ló máa wá là á kọjá?"

Nọ́ọ̀sì ò rí ẹ̀rín rín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún.

Tíṣà pariwo láti òkè: "Ìyá àwọn ọmọ, tèmi ti ń ṣiṣẹ́ o! Ó ń sáré bí ẹṣin!"

"Ẹ kú oríire," ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ò sì jáde dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó gbé àpótí náà lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dúró tì í. Iná pupa ṣẹ́jú, ó di búlúù. Ó padà wọ yàrá, ó tan fóònù: bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọlé wẹ́rẹ́.

"Ó ti parí, bàbá. Ibi tí ẹ dùbúlẹ̀ sí yìí náà lẹ ó ti máa rí ọmọ yín. A ò ní máa gbé yín kiri mọ́."

Àdúrà ló ń retí. Bàbá kọjú sí ògiri.

"Ṣé kò dùn mọ́ yín ni?"

"Ó dùn mọ́ mi. O ṣeun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń rí pálọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ojú títì, tí mo ti ń rí àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń jà sí àga. Ọmọ tó wà lókè òkun, ohùn ẹ̀ tó mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé gan-an ni n kì í rí."

Ọ̀rọ̀ náà ká nọ́ọ̀sì lára. Ta ló ń wẹ̀ yín? Ta ló ń yí yín padà kí ẹ̀yìn yín má baà dégbò? Ó dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. Òótọ́ ni pé bó ṣe ń wọ wọ́ọ̀dù ló ń wọ yàrá yìí: á ṣe iṣẹ́, á jáde. Kò jókòó níbẹ̀ rí.

"Bàbá, ìbàdí ń dùn mí," ló wí. "Mi ò lè gbé yín mọ́."

Bàbá yíjú padà kíá. "O ò sì sọ?"

"Ta ni kí n sọ fún?"

"Má gbé mi mọ́. Bíríkì ló ba ìbàdí tèmi náà jẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Pe ọkọ ẹ."

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún un, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń họ orí. Ó gòkè padà, nígbà tó sì bọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló gbé dání.

"Ṣé ó ń dé ibí dáadáa?" ló bi ìyàwó rẹ̀. "Láti ọ̀la, ibí ni màá ti máa kọ́ àwọn ọmọ."

"Ìṣirò?" ni bàbá wí. "Láràárọ̀? Àrùn tó dá mi dùbúlẹ̀ ò tó ni?"

Fóònù dún nígbà náà. Àwọn ọmọ sáré wọlé, wọ́n gun bẹ́ẹ̀dì bàbá. Nọ́ọ̀sì fa àga kan mọ́ra, ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì.

"Háà, ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo yín wà?" ọmọ òkè òkun ń pariwo. "Mo rí yín kedere! Ìyàwó wa ńkọ́?"

"Rọra sọ̀rọ̀," ni bàbá dá a lóhùn. "Ó ti sùn."