Apá Aṣọ Tí Agbálẹ̀ Gbá Lọ

Alárinà ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ó ń bá ẹnikẹ́ni wá ọkọ tàbí aya. Kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ̀. Láíbìrì ìyàwòrán kan wà, àkójọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń yàwòrán, àgbà láíbìrì tó mọ ìlà fà bí ẹní mu omi, ṣùgbọ́n tí èdè rẹ̀ le bí òkúta. Èdè mìíràn tún wà tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn, èdè tó jẹ́ pé fọ́ńṣọ̀n ni gbogbo nǹkan inú rẹ̀: o kó nǹkan fún un, ó fún ọ ní tuntun, èyí tó o kó fún un ò sì yí padà. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ ara wọn. Òun ló jókòó sáàárín, tó ń gbọ́ tibí sọ fún tọ̀hún, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Àwọn tó ń lo iṣẹ́ rẹ̀ ò mọ ojú rẹ̀. Ìgbà tí nǹkan bá bà jẹ́ ni wọ́n ń rántí pé ó wà láyé.

Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún wọn, pé kí wọ́n wá alárinà mìíràn. Ó ku kó fi ránṣẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ ké sí i láti yàrá ìránṣọ.

"Bàbá wọn, aṣọ yín ò lápá o."

Télọ̀ ni ìyàwó náà. Ọkọ rẹ̀ ló fi èdè àti láíbìrì yẹn ṣe ètò tó ń ya pátánì fún un lórí kọ̀ǹpútà: á tẹ ìwọ̀n ara sí i, ẹ̀rọ á tẹ bébà jáde, á sì fi bébà náà gé aṣọ. Ilé ìwòsàn kan fẹ́ gbé iṣẹ́ aṣọ nọ́ọ̀sì fún un. Mátírónì ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án láti wò ó, bí kò bá sì bá pátánì gbogbo ìwọ̀n nílẹ̀, ọ̀dọ̀ télọ̀ mìíràn lòun ń lọ yẹn.

"Ó lápá lánàá," ni ọkọ wí.

"Ẹyọ kan ni mo yà lánàá. Lónìí tí mo ní kó ya gbogbo ìwọ̀n, láti orí ẹni tó tín-ín-rín dé orí ẹni tó sanra, ọrùn wà, ẹ̀yìn wà, apá ò sí. Àbí àwọn nọ́ọ̀sì tiyín ò ní í fún èèyàn lábẹ́rẹ́ ni?"

"Fọwọ́ ya apá náà."

"Fún gbogbo wọn, kí ọ̀sán tó pọ́n? Ọwọ́ mélòó ni mo ní?"

Ọkọ jókòó ti kọ̀ǹpútà yàrá ìránṣọ náà. Ó ní kó ya ẹyọ kan, apá wà. Ó ní kó ya gbogbo rẹ̀, apá pòórá. Ó ka ohun tó kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí ojú fi ń ta á, kò rí àṣìṣe. Ìyàwó rẹ̀ jáde lọ mú áyọ́ọ̀nù. Kí ojú lè sinmi, ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ tábìlì mọ́. Gbogbo bébà tí pínnì ò gún mọ́ nǹkan, ó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

"Kọ́là mi dà?" Ìyàwó ti dé.

"Kọ́là wo?"

"Bébà ọrùn aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì."

"Mo rò pé o ti ṣe tán lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì í mú."

"Áyọ́ọ̀nù ni mo lọ mú, Alárinà. Ṣé tí mi ò bá ti di nǹkan mú, mi ò lò ó mọ́ nìyẹn?"

Ọkọ ti tọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀, kò mú nǹkan kan, kò fa ọwọ́ yọ.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e: èdè fọ́ńṣọ̀n náà ní agbálẹ̀ tirẹ̀. Bí ilé, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pa mọ́ sí, bá ti kún, agbálẹ̀ á dìde, ohun tó bá bá nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò dì mú, á gbá a dànù. Ọrùn àti ẹ̀yìn, ètò náà ṣì ń fi wọ́n wọn ibòmíì, ó di wọ́n mú. Ṣùgbọ́n tó bá ti fa apá lé láíbìrì lọ́wọ́, ó ti jọ̀wọ́ rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ láíbìrì ṣì ń yà á lọ́wọ́ ní yàrá kejì, níbi tí ojú agbálẹ̀ ò dé. Tó bá jẹ́ aṣọ kan, ilé ò tíì kún, agbálẹ̀ ò ní í dìde. Alárinà ló yẹ kó di apá náà mú títí láíbìrì á fi sọ pé òun ti ṣe tán. Kò sì dì í mú.

"Kí lẹ ń wá nínú apẹ̀rẹ̀?"

"Kọ́là rẹ," ló wí. Ó yọ ọ́ fún un, ó sì padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Ohun tó kọ ò pọ̀: kí apá wà ní dídìmú títí láíbìrì á fi ṣe tán. Ẹ̀rọ kùn, bébà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, apá kan tẹ̀ lé apá kejì, tín-ín-rín ṣíwájú, gbàǹgbà tẹ̀ lé e. Ìyàwó fa bébà náà yọ kó tó bọ́ sílẹ̀, kò tilẹ̀ dúpẹ́. Sísọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ padà sí yàrá rẹ̀, ó fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí kò mọ ojú rẹ̀, ó gbé orí lé tábìlì. Inú òògbé ló ti gbọ́ tí mátírónì dé, tó ní kí wọ́n wọ àpẹrẹ aṣọ fún òun, kí òun ká apá rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Ó ní ká máa gé e lọ."

"Ó dáa."

"Ìdágbére tí ẹ ń kọ láàárọ̀ ńkọ́?"

"Ó di ọ̀la."

"Ọ̀la náà lẹ wí lọ́dún tó kọjá." Ó na ọwọ́ sí ife tíì tó ti gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá rẹ̀. "Ṣé kí n gbé èyí?"

"Mo ṣì ń lò ó," ni ọkọ wí, kò la ojú.

Ìyàwó fi ife náà sílẹ̀ níbi tó wà.