Ọta Tó Ń Mì Lórí Àwo

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu Orrin Stutzman nígbà òtútù, ṣe ni wọ́n kàn ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà gba sìgá. Darla, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Verna, ìyàwó rẹ̀, gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú gáréèjì. Níbẹ̀ ló ti máa ń fọ kòròfo ọta tí wọ́n ti yìn, tí á fi bọ́tìnì iná tuntun, èyí tí ìbọn máa ń gbá kí ọta tó yìn, sí ìdí wọn, tí á rọ ẹ̀tù sínú wọn, tí á sì fi òjé dé wọn lórí. Ìbọn tó ń ṣe wọ́n fún jẹ́ irú èyí tí bàbá rẹ̀ gbé lọ sógun Kòríà, ìbọn àtijọ́ tó máa ń ki ọta bọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Nítorí ọta yẹn ni Orrin ṣe ń jí láàárọ̀. Verna mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje ìbọn yíyìn, Orrin gbé páálí ọta sórí tábìlì, ó lọ wọ bàtà. Verna ń dín ẹyin àti ọ̀dùnkún. Kọfí dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà, ló bá kó àwọn ọta jáde, ó ń tò wọ́n ní òòró sórí àwo pẹrẹsẹ kan kó lè nu tábìlì. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀, kò dúró. Ó ń mì síwá sẹ́yìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdúró.

Ọwọ́ Verna dúró lórí aṣọ ìnutábìlì.

Orrin fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn. Bọ́tìnì iná gbọ́dọ̀ wọlé ju ìdí ọta lọ díẹ̀. Bó bá yọrí síta, ìbọn á gbá a bó ṣe ń pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé, ọta á bú gbàmù kí ìlẹ̀kùn tó dé tán, irin yẹn á sì padà wá bá ojú ẹni tó gbé ìbọn dání. Nítorí náà ni Orrin ṣe máa ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún ra ìdí ọta kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò yẹn kan náà ni Verna yọ kúrò lára páànù gbígbóná lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orrin ò mọ̀ pé ó ń jó.

"Orrin, wá wo nǹkan."

"Bó bá jẹ́ ẹyin ni, mo ti rí ẹyin rí."

"Ọta ni."

Ó wá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ọta náà. "Kò sí nǹkan kan. Ó tẹ́jú."

"Fi ọwọ́ òsì kàn án."

"Ọwọ́ òsì mi ò mọṣẹ́ yìí."

"Mo ní kó o fi ọwọ́ òsì kàn án."

Ó fi kàn án. Bọ́tìnì náà yọrí síta. Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn, lẹ́yìn náà ó fìdí kalẹ̀ sórí àga.

"Clayton," ló sọ. "Mo fún Clayton lára wọn lánàá."

Clayton Reusser ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé. Wọ́n pè é títí, kò gbé e. Ta ló ń gbé fóònù lọ síbi tí ìbọn ti ń dún? Verna pa iná lábẹ́ ẹyin, ó wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ìbọn ti ń dún nígbà tí wọ́n dé pápá ìdíje. Àwọn ọkùnrin dojú bolẹ̀ ní ìlà kan, wọ́n fi nǹkan bo etí. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu lè pariwo, gbogbo ìbọn á sì dákẹ́. Ẹni tó pariwo ló máa sọ ìdí rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Orrin la ẹnu. Láti ìgbà àìsàn, bó bá ń kánjú ahọ́n rẹ̀ kì í tẹ̀lé e. "Ẹ... ẹ dá..."

Verna wò ó. Bí òun bá pariwo, òun náà tún gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó rí ẹ̀yìn Clayton, ó rí bó ṣe ń gbé ìbọn sí èjìká.

"Ẹ dá ìbọn dúró!"

Gbogbo ìbọn dákẹ́.

"Ta nìyẹn? Kí ló dé?" ni alábòójútó bi.

Kí Verna tó dáhùn, Orrin ti gbọ́wọ́ sókè. Ó ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọta mi ni. Clayton, yọ ọ́ nínú ìbọn ẹ. Kò dáa. Àtàǹpàkò mi ti kú."

Clayton yọ ọta jáde, ó rọra dìde. "Àtàǹpàkò nìkan kọ́, arúgbó. Ojú ẹ náà ti kú láti ìdíje èṣí tí mo ti nà ẹ́ níbí."

"Èwo lo nà? Afẹ́fẹ́ ló nà mí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Orrin to àwọn ọta tó jáde nínú ìbọn Clayton sórí tábìlì irin. Wọ́n dúró ṣinṣin, àfi ọ̀kan. Ó ń mì.

Ẹ̀rín dá. Clayton bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Ó gbá Orrin léjìká.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, tí wọ́n kọjá ilé ọkà àwọn Reusser, Orrin yíjú sí i.

"Ọwọ́ tìẹ ṣì dáa, Verna. Bó o bá lè máa bá mi fọwọ́ kan ìdí àwọn ọta."

Verna ti mọ̀ pé á sọ ọ́. Ó ń wo ọ̀nà.

"Rárá, Orrin. Mi ò ní lè sùn. Màá máa rò ó bóyá ọ̀kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Orrin mirí. Kò bínú. Ì bá sàn fún Verna ká ní ó bínú.

Nígbà tí wọ́n délé, gáréèjì ni Orrin gbà lọ tààrà. Láti ilé ìdáná, Verna gbọ́ ìró sípánà: Orrin ń tú ẹ̀rọ tó fi ń ṣe ọta kúrò lára tábìlì. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe é, nítorí náà ó ń pẹ́. Nọ́ọ̀tì kan kọ̀, kò tú. Sípánà yọ̀, ó já bọ́. Orrin mú un. Ó tún já bọ́.

Verna rìn dé ẹnu ọ̀nà gáréèjì, ó di férémù mú. Kò wọlé. Ẹyin àárọ̀ ti tutù bíi yìnyín nínú páànù lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ títí Orrin fi pè é.

"Verna. Wá bá mi di èyí mú."