Ìdáhùn Kẹta

Ọkọ mi Iakopo, tó bá ti jẹun ọjọ́ Ìsinmi tán, kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé yìí. Oyè ìdílé wà lórí rẹ̀, nítorí náà tó bá la ẹnu nídìí oúnjẹ, gbogbo ilé á dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n ń ka Bíbélì. Èmi tí mo ń sùn tì í ni mo mọ̀ pé ìdajì ohun tó ń sọ, ibi iṣẹ́ ló ti gbọ́ ọ, ìdajì kejì, ojú oorun ló ti rí i. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ kan já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tó ba nǹkan jẹ́ nínú ilé wa níbí, ní Woodridge, ìlú òyìnbó tí àwa ará erékùṣù ṣí wá, n ò sì tíì dárí rẹ̀ jì í tán.

Àwọn ọmọ méjì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bí ni ọ̀rọ̀ náà bá. Etuale ni àgbà, Lagimaina ni àbúrò, Lagi la máa ń pè é. Ọgbà kan ṣoṣo ló pààlà ilé wa sí tiwọn. Ó ti pẹ́ tí Etuale ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹran sí, otútù ibẹ̀ sì ti wọ̀ ọ́ láyà. Tó bá wúkọ́ lágbàlá wọn, inú kíṣìnnì mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kó kúrò níbẹ̀ kí àyà rẹ̀ tó bàjẹ́ pátápátá. Ó láya, ó bímọ, ta ló sì ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìrí òmíràn dì mú? Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi là nígbà tí rélùwéè kéde pé àwọn ń wá àwọn tí àwọn máa kọ́ ní ọkọ̀ ojú irin wíwà.

Ìdánwò làákàyè ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń há sórí o. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ síwájú ẹ, wọ́n á wá sọ gbólóhùn kan lé e, wọ́n á ní kó o mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: òótọ́ ni, irọ́ ni, tàbí a ò lè sọ. Etuale ti ṣe é rí, ó sì fìdí rẹmi. Bó bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, ọdún méjì gbáko ni kò fi ní lè padà wá. Ta ló mọ bí àyà yẹn ṣe máa rí lẹ́yìn ọdún méjì?

Lagi ló kọ́ ọ. Àwọn arúgbó ni òun ń tọ́jú ní ilé ìtọ́jú kan, ọpọlọ rẹ̀ sì mú bí abẹ. Lójoojúmọ́ tá a bá ti ṣe àdúrà ìrọ̀lẹ́ tán, àwọn méjèèjì á jókòó sí tábìlì ìyá wọn, èmi náà á gbé ife kòkó mi dání, mo di ọ̀hún. Mo ń lọ wo ìran ni. Etuale á máa pe àbúrò rẹ̀ ní Tíṣà, á máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ìyá pásítọ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Lagi ní gbogbo díákónì ìjọ wa ló ń wọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọkùnrin kan wá wọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣé díákónì ni?

"Díákónì mà ni," Etuale dáhùn. "Àbí alápatà ni, Tíṣà?"

Lagi ní àwọn olè ìjọ wa náà ń wọ funfun, kó tún un rò. Mo rẹ́rìn-ín títí kòkó fi gba imú mi jáde.

Wàhálà Etuale ni pé ẹrù ilé ló máa ń kó wọ inú ìbéèrè. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọkùnrin kan pẹ́ dé ibi iṣẹ́, Etuale á ní bóyá ara ìyá rẹ̀ ni kò yá. Lagi á lu tábìlì, á ní wọn ò kọ ìyá ẹnikẹ́ni síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ nìkan ni kó wò. Ìdáhùn kẹta yẹn gan-an ló wá le jù fún un. Nílé tiwa, tí àgbà bá bi ọmọdé ní nǹkan, ọmọdé kì í ní òun ò lè sọ. Àfojúdi ni. Òótọ́ tàbí irọ́ ni Etuale máa ń sáré mú, ó pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè yà sórí ìkẹta láìbẹ̀rù.

Ìbéèrè míì tún wà tí wọ́n á ti ní kó o sọ ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti gbà lọ́kàn ṣùgbọ́n tí kò sọ jáde. Lagi fi ọ̀rọ̀ búrẹ́dì kọ́ ọ. Obìnrin kan ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù kan, ó le kọ́ńkọ́, obìnrin náà wá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ta búrẹ́dì gidi. Kí ló gbà lọ́kàn? Etuale họ orí, ó wo òkè, ó ní obìnrin náà gbà pé bí ọ̀kan ṣe rí ni gbogbo ìyókù rí. Lagi fò dìde, ó jó yí tábìlì ká. Láti ọjọ́ yẹn ni Etuale ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Nígbà tó ṣe, ó ń gbà á ju bó ṣe ń ṣì í lọ fíìfíì, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń sọ fáwọn ará ìjọ pé ọkọ òun ń lọ wa rélùwéè.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Lagi náà forúkọ sílẹ̀. Ó ní tí òun bá mọ̀ pé Tíṣà òun wà nínú yàrá kan náà, ọwọ́ òun ò ní gbọ̀n. Lagi fi ṣẹ̀fẹ̀, ó forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bóyá aṣọ awakọ̀ máa bá òun mu. Èmi ò dá a lẹ́bi o. Ẹni tó ń tún arúgbó ẹlẹ́ni ṣe láàárọ̀ lálẹ́, òun náà á fẹ́ nǹkan míì.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdánwò, gbogbo wa ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jókòó ti kókò àti ewé kókò tá a fi omi àgbọn sè. Ọkọ mi ti yó. Ó nu ẹnu, ó wo àwọn ọmọ méjèèjì.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Rélùwéè kì í mú ọmọ ìyá méjì. Àwọn ọmọ Vaitoa tá a jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì lọ, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n dá èkejì padà sílé. Ẹnì kan péré ni wọ́n ń mú nínú ilé kan."

Etuale gbójú sókè wo Lagi. Lagi ń wo àwo oúnjẹ rẹ̀. Ta ló máa já olóyè ní koro níwájú oúnjẹ? Èmi ìyàwó rẹ̀, kókò ni mo kì bọ ẹnu.

Wọ́n lọ ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí èsì dé sórí fóònù wọn, Lagi yege, Etuale fìdí rẹmi, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nígbà tí kò tíì kọ́ nǹkan kan. Lagi sunkún, ó ní òun ni òun ò kọ́ ọ dáadáa. Etuale rẹ́rìn-ín, ó ní agbárí òun ló dì bí ẹran ilé yìnyín. Ó ra ẹlẹ́dẹ̀, ó gbẹ́ ààrò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó to òkúta gbígbóná, ó se àsè fún àbúrò rẹ̀, ó ń wúkọ́ nínú èéfín. Òun ló gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀. Bó ṣe yẹ ni: arábìnrin ni ẹyinjú arákùnrin rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, òun là á kọ́kọ́ bù fún.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Lagi lọ kọ́ṣẹ́, kò wọ ilé ìyá rẹ̀ nígbà tó dé. Ilé mi ló wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì léjìká.

"Àǹtí Filemu, ìbejì wà nínú àwa tá a jọ ń kọ́ṣẹ́. Ìyá kan, bàbá kan. Wọ́n mú àwọn méjèèjì."

Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní àárín wọn ni òun jókòó sí. Ó wá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní òun mọ̀. Bí Bàbá, ọkọ mi, ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Vaitoa lẹ́nu ni òun ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan tí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé èkejì ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n òun. Ó ní tí ojú bá tiẹ̀ ti òun níwájú olóyè, òun lè dúró de Etuale lágbàlá lẹ́yìn oúnjẹ, kò sí ẹni tó dè òun mọ́lẹ̀.

"Mo rí i bó ṣe wò mí, Àǹtí. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà ni. Mo jẹ́ kó ṣe é."

N ò lè bú u. Kókò tí mo kì bọ ẹnu ṣì wà lọ́nà ọ̀fun mi. Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni mo gbà lọ. Ó ń wo rọ́gíbì, mo pa tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn lójú, ohun tí n kò ṣe rí látìgbà tó ti fẹ́ mi. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé rélùwéè kì í mú ọmọ ìyá méjì. Ó ní Vaitoa ni. Mo ní ṣé Vaitoa sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní Vaitoa kàn sọ pé wọ́n mú ọ̀kan ni, òun ló parí ìyókù. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, mo sì jáde.

Nígbà tí mo fi máa padà dé ìta, Lagi ti kúrò. Ó ti lọ gbé ẹní ìyá rẹ̀, èyí tó mọ́lẹ̀ bí aṣọ àrán, tí wọ́n ń gbé jáde tí èèyàn bá kú tàbí tí wọ́n bá ń fi ọmọ fọ́kọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà Etuale nínú oòrùn, ó fi ẹní náà bo orí. Ìdílé ẹni tó pààyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, wọ́n á jókòó síbẹ̀ títí tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á fi ṣí ẹní lórí wọn, tàbí kó fa àdá yọ. Arábìnrin kì í ṣe é fún arákùnrin rẹ̀. Ìyá wọn ń pariwo pé kó dìde, pé ó ń sọ ìdílé di yẹ̀yẹ́. Lagi fa ẹní bo orí sí i.

Etuale ti ibi iṣẹ́ dé, kúlà oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó rí ẹní. Ó ju kúlà sílẹ̀, ó sáré, òun tí mímí lásán ti ń nira fún, ó sì fa ẹní náà kúrò.

"Ṣé o fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì ni? Dìde ńbẹ̀."

Kò dìde. Ibi tó jókòó sí ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìbejì, búrẹ́dì, àwo oúnjẹ tó tẹjú mọ́. Etuale jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Tíṣà, èmi náà mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ Bàbá. Ṣé òótọ́ ni? N ò mọ̀. Ṣé irọ́ ni? N ò mọ̀. Ìdáhùn kẹta ni, a ò lè sọ. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í?"

"Torí pé a ò lè sọ ni. Bó bá jẹ́ irọ́, ọdún méjì ni mo pàdánù. Bó bá jẹ́ òótọ́, mo ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ. Ṣé kí n fi ìwọ ta tẹ́tẹ́ ni?"

Lagi ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bá ti bi mí. Ẹ ò bá kàn bi mí.

"Mo bi ẹ́," Etuale wí. Kò bínú, ohùn rẹ̀ tutù. "Mo wò ẹ́ nídìí oúnjẹ. O wo àwo ẹ. Mo ní, ó fẹ́ ẹ."

Lagi gbé ojú lé ẹsẹ̀ Etuale, ó sunkún bí ọmọ kékeré. Mo yíjú, mo rí ọkọ mi nídìí ọgbà, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ọkùnrin tí kì í ṣaláìmọ nǹkan wọ àgbàlá wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àwọn nǹkan tó dànù nínú kúlà, ó kó wọn padà, ó gbé e wọlé fún ọmọ náà.

Lagi ti ń wọ aṣọ awakọ̀ báyìí, ó sì bá a mu. Nírọ̀lẹ́ tá a bá gbàdúrà tán, òun àti Etuale ṣì máa ń jókòó ti tábìlì, wọ́n ń dúró de ọdún tí wọ́n máa tún gbà á láyè. Kò sí èyí tí Etuale ń ṣì mọ́. Tó bá wúkọ́, Lagi á fọwọ́ bo ìwé, á dúró títí á fi tán, kì í sì í wo ojú rẹ̀. Lánàá, ó sìn mí dé ẹnu ọgbà, ó bi mí bóyá àyà ẹ̀gbọ́n òun máa dúró dìgbà náà. Mo la ẹnu, ìdáhùn kẹta nìkan ló wà níbẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé, mo dì mọ́ ọmọ náà.