Iṣu Àhmádù Lójú Kọ̀ǹpútà

Ogún ọdún gbáko ni Àhmádù fi ju iṣu sórí lọ́rì ní ọjà Ìpàtà. Tó bá ti ju tiẹ̀, ẹni tó wà lókè kì í nà, kì í bẹ̀rẹ̀. Iṣu a kàn wá bá a lọ́wọ́ ni. Àmọ́ láti èṣí tí àìsàn ti mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, inú jalamíà ló ń fi í pamọ́ sí. Dókítà ní tí wọn ò bá máa bá a gbé e sókè lójoojúmọ́, yóò gan pátápátá. Bàbá kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, títí kan Rasheedah ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ọmọ náà lọ́kàn ju ìdánwò lọ.

Ìṣirò ni Rasheedah ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ń ṣe géèmù kan: alábàárù kan ń ju iṣu, èkejì ń hán an lórí lọ́rì. Lẹ́yìn ìrun alásárì, ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú bàbá rẹ̀. Iṣu gbéra, ó ta mọ́ ọwọ́ ẹni tó wà lókè, ó fọ́ yángá.

Àhmádù bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ ní ìjùkújù yìí?"

"Ìwé ni, Bàbá. Wọ́n ní tí èèyàn bá jù ú ní igun dígírì márùndínláàádọ́ta, ìyẹn ló máa ń jìnnà jù."

"Ta ló ní kó jìnnà? Ṣé GRA là ń jù ú lọ ni? Kí wọ́n lè hán an la ṣe ń jù ú. Ó gbọ́dọ̀ ti rẹ iṣu kó tó débẹ̀. Tó bá ku díẹ̀ kó máa padà bọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kó bá ọwọ́."

Ó yé Rasheedah: kí eré tí iṣu ń bá lọ sókè tán síbi tí ọwọ́ wà. Tí ọwọ́ tòkè bá fi mítà méjì ga ju tìsàlẹ̀ lọ, eré mítà mẹ́fà lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó o. Ó yí nọ́ńbà padà. Iṣu gòkè, ó ń fà díẹ̀díẹ̀, ó sì rọra jókòó sọ́wọ́ alábàárù.

"Wálàhí, ó kù díẹ̀," ni Àhmádù wí. "Ibi tó ti ń gbéra ti wálẹ̀ jù."

"Ibo ló yẹ kó wà?"

Ó fi ọwọ́ òsì júwe, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó mí kanlẹ̀, ó wá fa ọwọ́ ọ̀tún yọ. "Bá mi gbé e. Màá sọ ibi tí wàá dúró."

Ọwọ́ náà wúwo ju bí Rasheedah ṣe rò lọ. Nígbà tó dé ọ̀gangan àyà, bàbá ní kó dúró. Inú Rasheedah dùn débi pé omi bò ó lójú, kò sì rántí téèpù tó mú wá láti fi wọn bí ọwọ́ náà ṣe ga tó.

"O ti wọ̀n ọ́n?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ jẹ́ á tún un gbé."