Bẹ́ẹ̀dì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Sùn Lé

Orúnkún Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ti sọ tiẹ̀: ó ní òun ò gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá ti ń tún yàrá ṣe ní àjà kẹrin òtẹ́ẹ̀lì kan. Àyè kan wá ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọlé, iṣẹ́ àjókòóṣe. Àmọ́ ẹni tó bá máa jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí àlejò ò lò sínú ìwé, torí bẹ́ẹ̀dì tí wọn ò bá sùn lé, wọn kì í kó aṣọ ẹ̀ lọ fọ̀.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń kọ́ ọ nílé nírọ̀lẹ́.

"Màámi, ẹnikẹ́ni ò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì: The bed was not slept in. 'In' yẹn ò gbọdọ̀ já bọ́ o."

"Kí ni 'in' ń wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bí ìrù ewúrẹ́?"

"Ibẹ̀ nilé ẹ̀ wà. Ẹ ṣáà jẹ́ ó jókòó síbẹ̀."

Ìyá sọ ọ́ dorin. Bó ṣe ń gbálẹ̀ ló ń kọ ọ́:

Slept in o, sat on o,
ìrù ò gbọdọ̀ já,
orúnkún mi, rọra o,
a ti fẹ́ẹ̀ délẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ dán an wò fún iṣẹ́ ìsàlẹ̀ náà, ó ti tún yàrá mẹ́jọ ṣe kí ọ̀gá tó dé. Ní yàrá kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀dì ṣì tẹ́ rẹrẹ. Àlejò ò wá. Ó ní kóun fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹ̀ ná, kóun ka ẹ̀kọ́ òun lẹ́ẹ̀kan. Oorun ò bá a ṣàdéhùn, ó gbé e lọ. Ìró bàtà ọ̀gá ló jí i. Ó fò dìde, ó fọwọ́ tẹ́ aṣọ náà.

Ọ̀gá, ọmọdébìnrin tí Ìyá lè bí lọ́mọ, na ìwé àti bírò sí i. "Ìyá, ẹ kọ ohun mẹ́ta tí wọn ò lò níbí."

Wọn ò jókòó sórí àga: The chair was not sat on. Wọn ò lo áyọ́ọ̀nù: The iron was not made use of. Ó wá kan bẹ́ẹ̀dì, èyí tó mọ̀ jù. Bírò dúró. Tó bá kọ ọ́, aṣọ tóun làágùn sí ni àlejò ọ̀la máa sùn lé.

"Ó ku ẹyọ kan, mà."

"Ọ̀gá mi, mo sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ó rẹ̀ mí ni."

"Hàà, Ìyá! Méjì kì í ṣe mẹ́ta o."

Ìyá wo yàrá yíká. Kò rí nǹkan míì tó mọ orúkọ ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó bá kọ ọ́ pé: My knees were not asked about.

Ọ̀gá kà á, ó tún un kà. "Kí lèyí, mà?"

"Ọdún mọ́kànlá, ọ̀gá mi. Ẹnikẹ́ni ò béèrè orúnkún mi rí."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo orúnkún náà. Ó ti wú bí búrẹ́dì inú omi. "Ìgbà wo ló ti ń dùn yín?"

"Ṣé kí n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

Ó sọ ọ́; ó pẹ́ kó tó tán. Ọ̀gá buwọ́ lùwé. "Ọjọ́ Ajé, ìsàlẹ̀ lẹ ó wà. Àmọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn o, Ìyá..."

"Mo ti ń ká a, ọ̀gá mi."

Ó gbé e há abíyá, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.