Ohùn Inú Ẹyin

"Ẹ̀gbọ́n Àmúsà, ẹ dúró ná. Ẹ tẹ́tí sí i."

Àmúsà gbé páálí ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ dúró ti irin ọgbà níbi tí Ṣẹ́gun nawọ́ sí. Òun náà gbọ́ ọ. Ohùn tín-ín-rín kan, bí ti òròmọdìyẹ tó há sábẹ́ agbọ̀n, ń jáde láti inú òkìtì ewé àti iyẹ̀pẹ̀.

"Àwọn ọmọ ni," ó wí. "Wọ́n ti ń pe ìyá wọn láti inú ẹyin."

Ìyá náà ti gbọ́. Ọ̀nì omi iyọ̀ ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Láti bí oṣù mẹ́ta tó ti yé ẹyin ló ti ń ṣọ́ òkìtì yẹn. Àfi lánàá tí ọ̀gá ní kí wọ́n ti géètì tó wà láàárín òkìtì àti omi, kó lè rọrùn fún àwọn tó rà á láti wá mú un. Àtìgbà náà ló ti ń forí gbá géètì náà. Imú rẹ̀ ti bó.

Ọgbà ẹranko aládàáni kan ní Sharjah nílẹ̀ Lárúbáwá ni. Kí ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀; ó wá ku Àmúsà àti Ṣẹ́gun. Wọ́n ti ta kìnnìún, wọ́n ti ta àwọn ẹyẹ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àmúsà náà á wọ bàálù lọ sílé. Ọdún mẹ́fà lórí bedspace, ibùsùn kan ṣoṣo nínú yàrá èrò púpọ̀, ládùúgbò Muhaisnah ti sú u, àárẹ̀ náà sì ti wọ eegun. Ṣùgbọ́n inú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ni passport rẹ̀ wà. Ọ̀gá ní ọjọ́ tí ọ̀nì bá wọ ọkọ̀ ni òun máa yọ ọ́ fún un.

"Ká kúkú wà wọ́n jáde fúnra wa," Ṣẹ́gun wí.

"Ká kó wọn lọ síbo? Ìyá ló mọ èyí tó ti tó jáde. Èyí tí ò bá lè fọ́ ẹyin rẹ̀, òun ló ń bá a fọ́ ọ."

Àmúsà pe ọ̀gá lórí fóònù, ó ní kó jẹ́ káwọn ṣí géètì fún ìyá.

"Ìyá nìkan ni wọ́n rà," ni ọ̀gá fèsì. "Khalas, ó ti parí. Ọkọ̀ ti wà lọ́nà. Má fọwọ́ kan géètì yẹn. Àbí o ò fẹ́ lọ sílé mọ́ ni?"

Àmúsà jókòó sórí páálí ẹja. Ó wù ú kó kàn sùn síbẹ̀. Ọ̀nì tún forí gbá irin, gbàà! Ó dìde.

"Ṣẹ́gun, bọ́ síta. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá ọ níbí."

"Ẹ̀gbọ́n, passport yín ńkọ́?"

"Mo ní kó o bọ́ síta."

Ó gun àkàbà ẹ̀yìn ògiri, ó sì fa ṣéènì géètì sókè. Ọ̀nì ò tiẹ̀ wò ó. Ó wọ́ lọ sórí òkìtì, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú hú u. Ẹnu tó ń rún eegun màlúù yẹn náà ló fi gbé ẹyin kan, ó ń yí i jẹ́jẹ́ láàárín ahọ́n àti àjà ẹnu títí ó fi là. Ọmọ tó jáde ò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó sì padà lọ gbé òmíràn.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, ọkùnrin tó fẹ́ mú un bojú wo omi, ó mi orí.

"Èmi ò ní wọbẹ̀. Abiyamọ tó ní ọmọ lẹ́nu? Ó di oṣù méjì sí i."

Ọ̀gá, tó bá ọkọ̀ náà dé, yíjú. "Ta ló ṣí géètì?"

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá wò ó títí. Kò pariwo. Ó jọ pé ó ti rẹ òun náà. "Ìwọ lo máa tọ́jú wọn nìyẹn, títí ọkọ̀ á fi padà wá." Ó wọ ọ́fíìsì, ó sì tilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àmúsà pe Asiat ìyàwó rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. "Mi ò tíì lè wá," ó wí, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un látòkèdélẹ̀.

"Mélòó ni wọ́n?" Asiat bèèrè.

"Mọ́kàndínlógún."

Asiat mí kanlẹ̀. "Ìyá wọn ńkọ́? Ṣó ti jẹun?"